Ariwo Ọkọ̀ Lẹ́yìn Àtúnṣe

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá forí sọ nǹkan, tàbí tí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù ú, ìbàjẹ́ oríṣi méjì ni ó máa ń bá a. Èkíní ni èyí tí gbogbo ojú rí: iná tí ó fọ́, bọ́ńpà tí ó já, bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó ká sókè. Èkejì ni èyí tí ojú kì í tètè rí: irin tí ó tẹ̀ díẹ̀, bóòtù tí ó dẹ̀, òrùka irin tí ó gba ìfarapa sínú. Ìbàjẹ́ àkọ́kọ́ ni olówó ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ sanwó lé lórí, nítorí ojú ń tì í láti gbé ọkọ̀ tí ó ti wó kiri ìlú. Ìbàjẹ́ kejì ni ó sì máa ń bá a lọ sílé. Bí ó bá dé ojú ọ̀nà, ọkọ̀ tí ń dán gbinrin yóò bẹ̀rẹ̀ sí kùn, tàbí kí ó máa dún bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn. Ariwo yìí ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí: bí a ti ń wá orísun rẹ̀, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin wà ní ìhà ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti òwò gbilẹ̀ ní agbègbè náà, gàrí Ìjẹ̀bú sì ti lókìkí jìnnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọjà púpọ̀, tàbí tí ó bá ní ohun ńlá láti ṣe ní ìgboro, ọkọ̀ ni yóò wọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kò pẹ́ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò fi bá àwọn ọkọ̀ ńláńlá pàdé, pàápàá ní ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ṣàgámù wá, tí ó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Ní irú ibi báyìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ orísun oúnjẹ odindi ìdílé, ó sì lè jẹ́ pé nínú rẹ̀ ni ẹ̀mí ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà wà láràárọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ariwo abẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ tí ó forí sọ nǹkan kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Panẹ́ẹ̀lì-bítà ni ó ń fi òòlù lu irin tí ó ká títí yóò fi tẹ́ bí ó ti yẹ. Wẹ́dà ni ó ń jó èyí tí ó ya pọ̀. Rewáyà ni ó ń so wáyà iná. Pẹ́ńtà ni ó ń fi pọ́tì dí àwọn kòtò kéékèèké, tí ó sì ń fi ọ̀dà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì ni ó ń wo ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, fọganáísà sì ni ó ń wo táyà. Olúkúlùkù mọ iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì lè ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n àárín iṣẹ́ ẹnìkan àti iṣẹ́ ẹnìkejì ni ariwo ti sábà máa ń yọ. Panẹ́ẹ̀lì-bítà tú rọ́bà abẹ́ fẹ́ńdà kí ó lè rí àyè na òòlù. Ó dá a padà, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn kílíìpù tí ó dì í mú ti ṣẹ́. Pẹ́ńtà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mẹkáníìkì kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì bọ́ sójú ọ̀nà, tí atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀, rọ́bà náà yóò máa lu táyà, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbà pé iṣẹ́ òun ni.

Ohun kejì tí ó ń fa ariwo ni bí a ṣe ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òde òní. Ní ayé bọ̀lẹ̀kájà, pákó ni a fi ń kan ara ọkọ̀ sórí irin gbọọrọ méjì tí ó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀. Bí pákó bá ya, káfíńtà a kàn án. Ariwo pọ̀ lára ọkọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bìkítà láti béèrè èyí tí ó jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní kò ní irin gbọọrọ tí ó dá dúró bẹ́ẹ̀. Páànù líle oríṣiríṣi ni a jó pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo, ara kan náà ni ó sì gbé ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀, àti àwọn èrò. Bí a bá gbá igun kan rẹ̀, agbára ìgbá náà a máa ràn dé ibi tí ó jìnnà. Fẹ́ńdà lè padà sípò, kí ojúhò tí a fi bóòtù de ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ṣì yẹ̀ díẹ̀. Ọ̀dà kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ìró nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Síbẹ̀, ìró pẹ̀lú a máa tan ènìyàn jẹ. Nínú atẹ́gùn, ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú irin líle, ó ń rìn ju mítà 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Nítorí náà, ohun tí ó ń lu lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú lè gba ara irin kọjá kíákíá, kí ó sì jáde lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni ó ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fi etí kan ṣoṣo dájọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú ibi tí ó rò pé òun ti gbọ́ ọ, ó lè tú ọkọ̀ tán kí ó má rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa kì í fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sípánà. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Èdè Yorùbá sì jẹ́ irinṣẹ́ pàtàkì nínú iṣẹ́ ìbéèrè yìí. Ó kún fún ọ̀rọ̀ tí ń ṣe àfarawé ìró, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú wọn sì ní ìtumọ̀. Bí ohun roboto bá tóbi, a ní ó rí rògòdò. Bí ó bá kéré, a ní ó rí rógódó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìró. Ohun tí ó wúwo a máa dún gbì. Ohun tí ó fẹ́lẹ́ a máa dún fíín. Ọkọ̀ tí ó ń kùn hùn-ùn-ùn kò jọ èyí tí ó ń dún ká-ká-ká nígbà tí a bá ń yí i. Èyí tí ó ń mì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lórí ọ̀nà tí kò dán kò jọ èyí tí ó ń dún gbì nígbà tí ẹsẹ̀ bá bọ́ sí kòtò. Awakọ̀ tí ó bá sọ fún mẹkáníìkì pé “ọkọ̀ mi ń pariwo” kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá lè fi ẹnu sín in jẹ bí ó ti ń dún gan-an ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni yékéyéké, ká mú un pé awakọ̀ àgbàlagbà kan wà ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, tí ó ń gbé àwọn oníṣòwò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ mìíràn kọlù ú ní igun iwájú lápá òsì. Wọ́n tún fẹ́ńdà ṣe, wọ́n pààrọ̀ iná, wọ́n sì kun ọ̀dà tí ó bá ti tẹ́lẹ̀ mu rẹ́gí. Ní ọjọ́ kẹta tí ó gba ọkọ̀ rẹ̀ padà, ìyá alágàárì kan tí ó jókòó lẹ́yìn béèrè pé, “Awakọ̀, kí ni ó ń kùn lábẹ́ wa yìí?” Awakọ̀ náà dáhùn pé kò sí nǹkan kan, ó sì yí ohùn rédíò sókè. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti dá panẹ́ẹ̀lì-bítà lẹ́bi, ó sì ti pinnu pé òun yóò lọ bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Dípò ìjà, ó wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan.

“Bàbá, ẹ káàbọ̀,” ni mẹkáníìkì wí. “Báwo ni ó ṣe ń dún?”

“Ó ń lu pákápáká, ó sì tún ń kùn.”

“Ṣé ìró kan náà ni, àbí méjì, sà?”

Awakọ̀ náà dákẹ́. Kò tíì rò ó rí pé wọ́n lè jẹ́ méjì.

Mẹkáníìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó máa ń dún nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́? Rárá. Nígbà wo ni ó ń bẹ̀rẹ̀? Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Ṣé ó ń yí padà bí a bá tẹ bíréèkì? Kò yí padà. Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ti yọ ohun púpọ̀ kúrò. Bí ọkọ̀ kò bá dún nígbà tí ó dúró, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ó ṣòro kí ó jẹ́ fáànù tí ń ha rédíétọ̀. Bí bíréèkì kò bá yí i padà, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ pádì. Ohun tí ó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀, tàbí ohun tí atẹ́gùn ń mì, ni ó kù láti wá.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde sí ọ̀nà tí ó tẹ́jú, tí èrò kò pọ̀ níbẹ̀. Awakọ̀ ń wa ọkọ̀, mẹkáníìkì sì jókòó tì í láti fetí sílẹ̀, nítorí pé kò yẹ kí ẹnìkan ṣoṣo máa wakọ̀ kí ó sì tún máa wá ariwo. Wọ́n pa rédíò, wọ́n sì ti fèrèsé. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i, pákápáká náà pọ̀ sí i ní apá òsì. Wọ́n dúró, mẹkáníìkì sì wo abẹ́ fẹ́ńdà: rọ́bà rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, etí rẹ̀ sì ti bó nítorí pé ó ń lu táyà. Wọ́n fi kílíìpù tuntun dì í mú. Pákápáká náà dákẹ́, inú awakọ̀ náà sì dùn. Ó ti ń ki ọwọ́ bọ àpò láti sanwó.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n rí ohun kan tí ó ń pariwo, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbà pé ọ̀ràn ti tán. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì náà kò gbàgbé pé ọ̀nà méjì ni awakọ̀ gbà ṣe àpèjúwe ìró náà. Ó ní kí wọ́n tún padà sójú ọ̀nà. Ní tòótọ́, hùn-ùn-ùn náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì túbọ̀ hàn gbangba nísinsìnyí tí pákápáká kò bò ó mọ́lẹ̀. Awakọ̀ rọra fẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sáré, ó sì yọ jíà. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìró náà kò rọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí eré ọkọ̀ ti ń dínkù ni òun náà ń dínkù. Nígbà tí ọ̀nà kọ sí apá ọ̀tún, ó kùn sókè. Nígbà tí ọ̀nà kọ sí apá òsì, ó lọ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń kọ sí ọ̀tún, ìwúwo rẹ̀ máa ń tẹ̀ sórí àwọn ẹsẹ̀ apá òsì. Nítorí náà, ẹsẹ̀ apá òsì ni ó ń ké.

Wọ́n padà sí ibi iṣẹ́. Mẹkáníìkì fi jáàkì gbé igun náà sókè, ṣùgbọ́n kò gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ó fi irin ìdúró ti ọkọ̀ náà kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ó mú orí táyà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mì ín, ó sì rí i pé ó ń jò díẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí táyà náà, ó sì gbé ọwọ́ kejì lé irin sípíríńgì. Irin náà ń gbọ̀n bí ẹni pé iyanrìn ni a ń lọ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣe bákan náà sí apá ọ̀tún kí ó lè fi wé e. Tọ̀hún ń yí wẹ́rẹ́, kò sì gbọ̀n. Nígbà náà ni ó tó sọ pé bíárìn ni.

Bíárìn ni òrùka irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lórí rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni àwọn ọta irin kéékèèké wà, tí wọ́n ń yí nínú ọ̀nà tí ó dán gidigidi. Nígbà tí ọkọ̀ kejì gbá igun òsì, agbára ìgbá náà ti àwọn ọta wọ̀nyí mọ́ ara òrùka, wọ́n sì fi ojú ọgbẹ́ kéékèèké sí i. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọjá lórí ojú ọgbẹ́ wọ̀nyí nígbà gbogbo tí ẹsẹ̀ bá yí. Bí a bá fi bíárìn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, a máa gbóná, a máa jẹ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ a sì máa mì. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ pé kí ẹsẹ̀ náà gan-an takú tàbí kí ó yọ lórí ìrìn. Panẹ́ẹ̀lì-bítà tí awakọ̀ fẹ́ lọ bá jà kò fọwọ́ kan bíárìn rárá. Ẹ̀bi tirẹ̀ kò ju ti kílíìpù méjì lọ.

Ọgbọ́n tí mẹkáníìkì yìí lò kì í ṣe ọgbọ́n tuntun láyé. Ní ọdún 1816, ní ìlú Paris, dókítà ará Faransé kan tí ń jẹ́ René Laennec ká ìwé roboto, ó gbé etí lé ìpẹ̀kun kan rẹ̀, ó sì fi ìpẹ̀kun kejì kan àyà obìnrin aláìsàn kan láti gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀. Láti inú èyí ni ohun èlò tí àwọn dókítà ń fi kọ́rùn títí di òní ti jáde. Àwọn mẹkáníìkì náà a máa ṣe irú rẹ̀: wọn a gbé ẹnu súkúrù-díráfà gígùn lé ara ẹ́ńjìnnì, wọn a sì gbé etí lé èkù rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìró ti le jù. Dókítà kì í la àyà aláìsàn kí ó tó fetí sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a tú ọkọ̀ kí a tó gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé gbogbo ariwo kọ́ ni ó ní ewu kan náà. Páànù tí ó bo páìpù sàlẹ́ńsà lè máa mì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kí ó má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe fún ìgbà díẹ̀. Sípánà tí a gbàgbé sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lè máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n; kí a yọ ọ́ kíákíá kí ó tó bọ́ sára fáànù. Ṣùgbọ́n ariwo mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la: ti nọ́ọ̀tì táyà tí ó dẹ̀, ti táyà tí ń ha ara irin, ti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tí ó ti jẹ, ti bíréèkì tí irin ń bá irin jà nínú rẹ̀, àti ti bíárìn tí ó ti fara pa. Bí ọkọ̀ bá ń kùn, tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ sì ń gbọ̀n, tàbí tí ó ń fà sí apá kan, ibi tí ó bá dúró sí ni kí a ti wò ó. Pàápàá jùlọ, nígbàkígbà tí a bá tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí a sì dá a padà, ó yẹ kí a tún fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn nǹkan bí kìlómítà 80 sí 160, nítorí wọ́n lè dẹ̀.

Ní ọdún 1988 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ láti dín jàm̀bá ọkọ̀ kù. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà lè dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n wo ìwé rẹ̀, iná rẹ̀ àti táyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lè gbọ́ ohun tí ń kùn nínú ọkọ̀ nígbà tí ó bá ń sáré. Awakọ̀ àti àwọn èrò rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Ìyá alágàárì tí ó béèrè ọ̀rọ̀ kò mọ bíárìn, kò sì mọ bóòtù. Síbẹ̀ òun ni ó kọ́kọ́ sọ òtítọ́ nípa ọkọ̀ náà. Rédíò tí awakọ̀ yí sókè kò wo àìsàn kankan sàn.

Nítorí náà, àtúnṣe ọkọ̀ kì í parí ní ọjọ́ tí ọ̀dà bá gbẹ. Ojú ọ̀nà ni ó ti ń parí, nígbà tí ẹni tí ó tún un ṣe àti ẹni tí ó ni ín bá jọ wà á, tí wọ́n sì jọ fetí sílẹ̀. Kí olówó ọkọ̀ má sanwó tán kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí oníṣẹ́ náà má sì bínú bí a bá ní kí ó wá gbọ́. Ẹni tí ó bá ń wá ìdí nǹkan, kí ó béèrè kí ó tó tú, kí ó yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tún dán an wò lẹ́yìn tí ó bá rí ohun àkọ́kọ́. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bí kò bá sì nídìí, ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe kì í kùn.

ÌBÉÈRÈ

1. Ìbàjẹ́ oríṣi méjì wo ni ó máa ń bá ọkọ̀ tí ó forí sọ nǹkan? Èwo ni olówó ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ bójú tó, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Ṣàlàyé ìdí tí ariwo fi sábà máa ń yọ ní àárín iṣẹ́ ẹnìkan àti iṣẹ́ ẹnìkejì.

3. Kí ni ó fà á tí ìró tí ó ṣẹ̀ níwájú ọkọ̀ fi lè dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ni ó ti wá?

4. Báwo ni mẹkáníìkì ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ apá òsì ni ó ní àbùkù kí ó tó fi jáàkì gbé ọkọ̀?

5. Wá ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí ń ṣe àfarawé ìró nínú àyọkà yìí, kí o sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú gbólóhùn tìrẹ.

6. Kọ àròkọ kan lórí àkọlé yìí: “Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni.”